Ebi Tí Ń Dá Ènìyàn Kú

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, gbogbo wa la mọ àtọ̀gbẹ, àìsàn tí ṣúgà fi ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ gbọ́ ti òdìkejì rẹ̀ wàyí.

Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, pancreas ni Òyìnbó ń pè é. Òun ló ń ṣe ínsúlíìnì tí ń dín ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kù. Ní Toronto, ìlú kan ní Kánádà, ni Banting àti Best ti rí ínsúlíìnì yìí ní 1921. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi gún àwọn aláìsàn lábẹ́rẹ́, wọ́n rí i pé bó bá pọ̀ jù, òógùn á bo onítọ̀hún, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, á sì dákú. Ní 1924, Seale Harris, dókítà ará Alabama, wá sọ pé ó ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀ láìgba abẹ́rẹ́ rárá. Pancreas wọn ló ń ṣe àṣejù.

Ẹ̀rí dé ní 1926. Dókítà ni aláìsàn náà fúnra rẹ̀. Bí kò bá jẹun ṣáá, dídákú ni. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, wárápá ni wọn ì bá pè é, tàbí kí wọ́n ní ọtí ló mu. William Mayo la ikùn rẹ̀ ní Rochester, ní Amẹ́ríkà, ó bá jẹjẹrẹ nínú pancreas, ó sì ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Ọ̀bẹ kò rí nǹkan ṣe mọ́. Ọkùnrin náà kú. Wọ́n fún omi lára kókó inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n gún un fún ehoro, ṣúgà ehoro sì já wálẹ̀. Àṣé jẹjẹrẹ yẹn ń ṣe ínsúlíìnì!

Ní 1929, ní Toronto kan náà tí ínsúlíìnì ti jáde, Roscoe Graham la ikùn ẹlòmíràn tí gìrì àti dídákú ń dà láàmú. Kókó kékeré kan ló bá níbẹ̀. Ó yọ ọ́, ara aláìsàn sì yá.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ ọ̀hún rọrùn o. Púpọ̀ nínú kókó wọ̀nyí kò tó sẹ̀ǹtímítà 2. Kí ẹ̀rọ tí ń yàwòrán inú ara tó dé, ìka ni oníṣẹ́ abẹ fi ń tẹ̀ ẹ́ wá kiri. Bí ìka kò bá bá a, wọn a gé apá kan pancreas dànù, bóyá á bọ́ sí i. Lóòótọ́, nǹkan bí 9 nínú 10 irú kókó yìí kì í ràn. Èyí tó bá ń ràn ló gba ìkánjú, kó tó dé ẹ̀dọ̀. Bí ọ̀bẹ bá sì bá a gan-an, nígbà mìíràn, aláìsàn ò tíì kúrò lórí tábìlì tí ṣúgà rẹ̀ á ti máa gòkè bọ̀.