Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣe Gran Turismo 7, eré ìdíje ọkọ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n tí ó jáde ní 2022, inú sì ń bí i. Eré náà gba ènìyàn láyè láti yọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, kí ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó wu ọmọ náà kò sí lára àwọn tí wọ́n là sílẹ̀ fún ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, àwòrán lásán kọ́ ni gbogbo rẹ̀? Kí ló wá dé tí wọ́n ń ṣahun?"

Ìtàn ni mo fi dá a lóhùn. Ní 1962, Carroll Shelby ará Amẹ́ríkà fi ẹ́ńjìnnì Ford onísìlíńdà mẹ́jọ sínú AC Ace, ọkọ̀ kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí a ṣe bí Cobra nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà di lítà méje ní 1965, ṣáàsí àtijọ́ kò tó o gbé mọ́; àfi kí wọ́n ṣe òmíràn.

Ti Sunbeam Tiger tilẹ̀ ṣeni láàánú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1964, ilé-iṣẹ́ Rootes fi irú ẹ́ńjìnnì Ford yẹn sínú ọkọ̀ Alpine wọn. Nígbà tí Rootes bọ́ sọ́wọ́ Chrysler, orogún Ford, ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́jọ ti Chrysler kò gba inú ọkọ̀ náà: dísítíríbútọ̀ tí ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì wà níwájú ti Ford, ẹ̀yìn ni ti Chrysler wà, ẹ̀yìn ọ̀hún kò sì láàyè. Ní 1967, Tiger kógbá sílé.

Nínú kọ̀ǹpútà, bónẹ́ẹ̀tì kì í há. Nítorí náà, ẹni tí ń ṣètò eré ni yóò fúnra rẹ̀ pààlà. Bí ó bá ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ẹ́ńjìnnì, èyí tí ó lágbára jù lọ ni gbogbo ènìyàn yóò mú, ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ yóò sì di ọ̀kan ṣoṣo tí ó wọ ọgọ́rùn-ún ẹ̀wù. Bí ó bá sì ti gbogbo rẹ̀ pa, kò sí ẹni tí yóò lè dán ohun tí Shelby dán wò. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. Ó wá béèrè pé, "Bí Chrysler bá ti gbé dísítíríbútọ̀ náà síwájú ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ gan-an ni eré náà wà fún.