Owó Ilẹ̀ Kíkó ní Àárín Ìlú Ìbàdàn láti 1918

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò ni ìdí tí owó tí ìjọba ìbílẹ̀ ń bù fún ilé kò fi tíì mú pàǹtírí kúrò ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹyẹrúnkà. Ṣáájú ìjọba òyìnbó, agbo ilé ni ó ń ru ẹrù náà fúnra rẹ̀. Tọmọdé tobìnrin a gbálẹ̀ láàárọ̀, wọn a sì dà á sí ààtàn ẹ̀yìn ilé. Ewé àti èèpo iṣu ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, ó sì ń jẹrà. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni owó tí wọ́n ń san.

Ní 1918, owó-orí bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà tí a ṣí Gbọ̀ngàn Mápó ní 1929, orí òkè náà di ojúkò ìjọba ìbílẹ̀. Ènìyàn méjì ni agbo ilé fi mọ ìjọba yìí: agbowó-orí àti wọlé-wọlé. Ọ̀kan ń gba owó, èkejì ń pe ẹni tí àyíká rẹ̀ dọ̀tí lẹ́jọ́. Kò sí èyí tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti ru ilẹ̀. Nígbà tí ìjà Àgbẹ́kọ̀yà bẹ́ sílẹ̀ ní 1968, àwọn àgbẹ̀ kò bínú sí iye owó-orí nìkan; wọ́n bínú sí ìnilára àwọn òṣìṣẹ́ kánsù pẹ̀lú. Ní 1969, ìjọba dín owó náà kù sí pọ́n-ùn 2.

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1979, àti ti 1999 tó tẹ̀ lé e, fi ilẹ̀ kíkó àti owó ilé bíbù sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ilé ń fẹ́ òpópónà, nọ́ńbà àti onílé kan pàtó. Ẹbí ló ni agbo ilé. Ta ni a ó kọ orúkọ rẹ̀ síwèé? Ọkọ̀ akólẹ̀ kò sì lè gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wà láàárín ilé sí ilé. Nítorí náà, pàǹtírí ń bọ́ sí etí títì, tàbí sínú Ògùnpa àti Kúdẹtì. Ní 31 Oṣù Kẹjọ 1980, Ògùnpa kún, ó gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Òjò náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pàǹtírí àti ilé etídò ti dí ọ̀nà omi. Ní 1991, a pín ìgboro sí ìjọba ìbílẹ̀ 5. Odò kò mọ ààlà: ohun tí a dà sí i lókè ni afárá ìsàlẹ̀ ń há mọ́ra. Ní 26 Oṣù Kẹjọ 2011, omíyalé tún pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìbàdàn.

Àwọn kan ń sọ pé ìṣẹ́ ni kò jẹ́ kí àárín ìlú sanwó. Síbẹ̀, tálákà ń san owó fún ọlọ́mọlanke tó bá wá kó ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, nítorí pé ó rí ilẹ̀ tó ń lọ. Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé iṣẹ́ ni ó yẹ kó ṣáájú owó, kí a sì bá mọ́gàjí ṣètò rẹ̀ ní agbo ilé kọ̀ọ̀kan. Bí owó bá tún ṣáájú iṣẹ́, owó-orí mìíràn ni ará ilé yóò kà á sí, odò ni yóò sì máa gba ilẹ̀.