Omi, Iyọ̀ àti Ṣúgà: Oògùn tí Ogun Gbé Jáde

Omi ò lọ́tàá, òótọ́ ni. Àmọ́ tí onígbáméjì bá mú èèyàn, omi lásán kì í tó. Ẹ jẹ́ ká wo bí ayé ṣe rí ojútùú rẹ̀.

Lọ́dún 1971, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ tó di Bangladesh lónìí. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 èèyàn ló sá wọ Íńdíà. Onígbáméjì wá já wọ àgọ́ àwọn ogúnléndé ní Bangaon. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ń fa omi ara wọn jáde, débi pé ẹni tó ń rìn láàárọ̀ lè kú kílẹ̀ tó ṣú. Omi tí wọ́n ń fà síni lára ni wọ́n gbójú lé, ìyẹn náà sì ń tán lọ.

Ni Dókítà Dilip Mahalanabis bá po iyọ̀, glucose àti bicarbonate díẹ̀ mọ́ omi, ó rọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù, ó ní káwọn ẹbí máa bù ú fún aláìsàn mu. Ṣáájú, nǹkan bí 30 nínú 100 aláìsàn ló ń kú. Láàárín àwọn tó mu omi yìí, iye náà kò tó 4.

Kí ló fà á? Nínú ìfun, ṣúgà àti iyọ̀ jọ máa ń wọlé ni, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Onígbáméjì ò lè ti ilẹ̀kùn yẹn.

Nílé wa ńkọ́? Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé tó di mínísítà ìlera lọ́dún 1985, wà lára àwọn tó polongo omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Ẹ̀gbọ́n Fela tó kọ Water No Get Enemy ni o! Àwọn ìyá kan gbà pé tí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, kí wọ́n má fún un lómi, kí ìgbẹ́ lè dá. Ohun tó yẹ kó gba ọmọ là ni wọ́n fi ń dù ú.

Tí ẹ ò bá rí ORS rà, ẹ po ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀ mọ́ lítà omi mímọ́ kan. Kí ṣíbí tẹ́jú o, torí iyọ̀ àpọ̀jù léwu. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná yín ló gba àgọ́ Bangaon là.