ỌJỌ́ PÉTÉRÙ MÍMỌ́ NÍNÚ ÌTÀN ÌJỌ WA

Àwọn baba wa a máa wí pé, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìjọ tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún ti di àgbà. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a wo ẹ̀yìn sí ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ 29 oṣù Júùnù, tí í ṣe Ọjọ́ Pétérù Mímọ́.

Ní ọjọ́ náà ní ọdún 1864, nínú Kàtídírà Canterbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a ya Samuel Àjàyí Crowther sí mímọ́ ní Bíṣọ́ọ̀bù, ẹni dúdú àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà nínú Ìjọ Áńglíkà. Ọmọ Òṣoògùn ni, ní ìhà Ìsẹ́yìn, ní Òkè-Ògùn wa yìí. Ogun kó o lẹ́rú ní ọdún 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ lórí òkun ní ọdún 1822. Leeke, ọ̀gá ọkọ̀ náà, wà níbẹ̀ ní ọjọ́ ìyàsímímọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Weeks, tí ó kọ́ ọ ní ìwé kíkà ní Sàró.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: oyè náà kò kan Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì kan kò fẹ́ kí ẹni dúdú ṣe olórí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ṣe olórí iṣẹ́ ìtúmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá kò jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù àwọn Yorùbá. Ẹ̀bá Odò Ọya ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ní ọdún 1890, ní Onitsha, àwọn òyìnbó tí ó lè bí lọ́mọ dójú tì í níwájú ìgbìmọ̀. Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 31 oṣù Dìsẹ́ńbà, 1891.

Ọjọ́ Pétérù Mímọ́ tún yí po ní ọdún 1893. Nínú Kàtídírà St. Paul ní Lọ́ńdọ̀nù ni a ya Isaac Olúwọlé sí mímọ́, pẹ̀lú Charles Phillips ti Oǹdó, ẹni tí òun àti Samuel Johnson jíṣẹ́ àlàáfíà láti parí ogun Èkìtìparapọ̀ ní ọdún 1886. Ṣùgbọ́n igbákejì ni a fi àwọn méjèèjì ṣe. Òyìnbó tí a yà sí mímọ́ pẹ̀lú wọn, Joseph Hill, ni olórí. Nígbà tí Hill kú ní oṣù Jánúárì, 1894, òyìnbó mìíràn, Herbert Tugwell, ni a fi rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò fi iṣẹ́ Olúwa sílẹ̀. Ọdún 1952 ni A. B. Akínyẹlé tó di Bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn, olórí díọ́sísì tòótọ́: ọdún 88 lẹ́yìn ti Crowther. Ní ọdún 2014, ní Canterbury kan náà, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Justin Welby tọrọ ìdáríjì fún ìwà tí a hù sí Crowther.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe àwọn òyìnbó nìkan ni ẹ̀kọ́ yìí bá wí. Àwa pẹ̀lú a máa fi ènìyàn sí ipò nínú ìjọ, kí a sì di àṣẹ ipò náà mú lọ́wọ́. Ẹni tí a bá gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí a gbé ọlá iṣẹ́ náà fún un nígbà tí ojú rẹ̀ lè rí i. Kí Olúwa bùkún ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó ń bọ̀. Àmín.