Ọmọdé Yẹ Ìwé Àgbà Wò

Àgbàdo ni mo ti kọ àyẹ̀wò ìwé mi àkọ́kọ́ ní 1978, nínú yàrá kan tó kọjú sí ojú irin rélùwéè. Oyè kejì nínú ìmọ̀ ìtàn ni mò ń ṣe nígbà náà. Ọ̀gá mi ní yunifásítì kàn gbé ìwé lé mi lọ́wọ́: “Kà á, kí o sọ ibi tó kù sí. Oṣù kan ni mo fún ọ.”

Inú mi dùn, torí ẹni tó bá yẹ ìwé wò ló ni ín. Kò sówó míì níbẹ̀. Àwa tí a máa ń fọwọ́ da odidi orí ìwé kọ ní láíbìrì, ṣé ẹ rí i pé ọdún dé! Ìgbà tí mo rí orúkọ ẹni tó kọ ọ́, àyà mi já. Àgbà òpìtàn ni, ẹni tó ṣeé ṣe kó wà lára àwọn tí yóò dán mi wò lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. 1955 ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Òpìtàn Nàìjíríà sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní 1956, ọdún kan náà tí ìwé Kenneth Dike jáde, lórí òwò àti ìṣèlú níbi tí Odò Ọya ti ń ya wọ òkun. A ti wá ń kọ ìtàn ara wa. Bí a kò bá wá lè yẹ ohun tí a kọ wò fúnra wa, Lọ́ńdọ̀nù ni yóò ṣì máa sọ èyí tó dára fún wa.

Ìwé ọwọ́ mi ní 1900 ni wọ́n ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn. Bàbá mi àgbà, tó bá wọn gbé irin náà, a máa ní ọdún tí Ọbabìnrin Victoria kú ni. Mo lọ wo fáìlì ìjọba n'Ìbàdàn: 1901, bí bàbá ṣe wí.

Síbẹ̀, ìyìn ni mo kọ kún ojú ewé méjì. Ọ̀gá mi fi bírò pupa fà á já. “Oríkì lo kọ yìí. Ṣé oríkì ni mo ní kí o kọ ni?” Mo tún un kọ, mo ní ọdún náà kò bá àkọsílẹ̀ mu.

Lẹ́yìn tó jáde, mo pàdé bàbá náà. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n kọjá bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ìwé wọn tẹ̀, 1901 ló wà níbẹ̀. Wọn ò dárúkọ mi o.