Kútì, Ransome àti Aníkúlápò: Ìtàn Orúkọ Ìdílé Kan ní Abẹ́òkúta

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò kan orúkọ ìdílé rárá, nítorí láyé àtijọ́ Yorùbá kò ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ àmútọ̀runwá, orúkọ àbísọ, oríkì àti oríkì orílẹ̀ ni a fi ń dá ènìyàn mọ̀. Kò sí orúkọ kan ṣoṣo tí bàbá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ jọ ń jẹ́. Ìwé ìrìbọmi àti ìwé orúkọ àwọn ọmọ ilé-ìwé ni ó sọ ọ́ di dandan pé kí orúkọ bàbá máa tẹ̀lé ti ọmọ. Ìdílé Ransome-Kútì ti Abẹ́òkúta yẹ fún àyẹ̀wò lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé láàárín ìran díẹ̀ orúkọ náà gùn sí i, ó tún yí padà, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti ti ìṣèlú sì wà nínú ìyípadà kọ̀ọ̀kan.

Ikú àti tì ni ó para pọ̀ di Kútì. Ohun tí a bá dáwọ́ lé tí kò ṣeé ṣe ni Yorùbá ń sọ pé ó tì. Ikú dáwọ́ lé ọmọ yìí, kò rí i ṣe. Ẹgbẹ́ ni orúkọ náà jẹ́ fún Kúforíjì, Kúdàísí àti Kúmápàyí, àwọn orúkọ tí a sábà ń sọ ọmọ àbíkú. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a fojú fò. Nínú àwọn mẹ́ta wọ̀nyí, ikú ni ó ń ṣàánú, tàbí òun ni a ń bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kò sí nínú Kútì. Ikú ni ó kùnà.

Ní ìjọ́ 1 oṣù Òkúdù ọdún 1855 ni a bí Josiah Jesse sí Ìgbẹ̀ìn ní Abẹ́òkúta. Likoye Kútì ni bàbá rẹ̀, ahunṣọ tí ó tún jẹ́ olórin. Ìyá rẹ̀ ni ó gba ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì. Ilé-ìwé ìjọ C.M.S. ni Josiah ti kọ́ ẹ̀kọ́. Ó ṣe olùkọ́, ó di díákónì ní 1895, ó sì di àlùfáà ní 1897. Láti ara orúkọ míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì kan ni Ransome ti wọlé.

Ibi tí wọ́n fi orúkọ àlejò yìí sí ló yẹ kí onítàn fiyè sí. Nígbà tí wọ́n ri Àjàyí bọmi ní 1825, orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Samuel Crowther, ni wọ́n fún un, Crowther yìí sì ni àwọn ọmọ rẹ̀ jogún. Ti Josiah kò rí bẹ́ẹ̀. Ransome gba iwájú, Kútì dúró sẹ́yìn, wọ́n sì fi àmì ìsopọ̀ so méjèèjì. Orúkọ ẹni tí kì í ṣe Kírísítẹ́nì kò kúrò lára orúkọ àlùfáà. Irú ẹni tí Josiah jẹ́ náà nìyẹn: ó mú ohùn orin Ẹ̀gbá wọ inú orin ìjọ, ní 1922 ó sì gba orin tí ó ju 40 lọ sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní àsìkò kan náà ni àwọn mìíràn ń jọ̀wọ́ orúkọ òyìnbó pátápátá. David Brown Vincent di Mojola Agbebi ní 1894.

Ọmọ Josiah, Israel Olúdọ̀tun (1891–1955), ọ̀gá Abẹ́òkúta Grammar School àti ààrẹ àkọ́kọ́ fún Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà, kò fọwọ́ kan orúkọ náà. Aya rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣe àyípadà. Frances Abigail Olúfúnmiláyọ̀ Thomas ni a ń pè é nígbà tí ó lọ kàwé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1919. Kí ó tó padà dé, ó ti ju Frances àti Abigail nù.

Ní àárín àwọn ọdún 1970 ni ọmọ wọn, Fẹlá, yọ Ransome kúrò, ó sì fi Aníkúlápò rọ́pò rẹ̀. Orúkọ ẹrú ni ó pe Ransome. Ìtàn kò gbe ọ̀rọ̀ yìí tán, nítorí ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni Ransome gbà wọlé, kì í ṣe ọ̀nà ẹrú. Thomas, orúkọ ilé ìyá rẹ̀, ni ó sún mọ́ oko ẹrú jù, nítorí ìdílé Sàró ni wọ́n; wọ́n ti mú ìyá-ńlá wọn, Sarah Táíwò, lẹ́rú rí kí ó tó padà sí Abẹ́òkúta. Síbẹ̀ ẹ̀dùn Fẹlá kì í ṣe asán. Orúkọ òyìnbó ni ó ń ṣíwájú orúkọ bàbá wọn, bí ọ̀gá tí ń ṣíwájú ọmọ-ọ̀dọ̀.

Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé kì í sábà tọ́ka sí ni pé ikú wà nínú orúkọ tuntun náà. A-ní-ikú-ní-àpò ni. Nínú Kútì, ikú gbìyànjú, kò rí i ṣe. Nínú Aníkúlápò, ikú ti di ohun tí a kì bọ àpò. Fẹlá kò kàn wá orúkọ ìbílẹ̀ dí àlàfo. Orúkọ bàbá-bàbá rẹ̀ ni ó mú gùn sí i. Ìyá rẹ̀ pẹ̀lú gba orúkọ náà. Ní ìjọ́ 18 oṣù Èrèlé ọdún 1977 àwọn ṣọ́jà kọlu ilé Kalakuta, wọ́n ju ìyá náà láti ojú fèrèsé. Ó kú ní oṣù Igbe ọdún 1978. Ó ṣòro láti ka Aníkúlápò lẹ́yìn ìyẹn kí a má rántí rẹ̀.

Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò tẹ̀lé e. Olikoye, mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, ẹni tí orúkọ Likoye tún jí dìde lára rẹ̀, ń jẹ́ Ransome-Kútì títí ó fi kú ní 2003. Bẹ́ẹ̀ náà ni Bẹ́kọ̀, tí ìjọba ológun jù sẹ́wọ̀n nítorí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Kò sí ẹni tí ó lè fi Ransome tí ó dì mú sọ pé ó fara mọ́ àwọn agbára òyìnbó. Láàárín àwọn ọmọ Fẹlá, àwọn kan ń lo Aníkúlápò-Kútì. Lára àwo Fẹ́mi àti ti ọmọ rẹ̀ Mádé, tí wọ́n gbé jáde pọ̀ ní 2021, Kútì nìkan ni ó wà níbẹ̀, bí Likoye ṣe ń jẹ́ ẹ ní Ìgbẹ̀ìn.