Ọ̀kẹ́ (20,000)

Ọ̀kẹ́ kan ni orúkọ odidi nọ́mbà 20,000 nínú òǹkà Yorùbá. Àpò owó ẹyọ ni orúkọ náà ti wá: ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá (2,000), ẹgbàá mẹ́wàá sì kún ọ̀kẹ́ kan. Nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kẹ́ kan di orúkọ sílè márùn-ún.

Bí a bá ń pín 20,000 títí kò fi ní ṣeé pín mọ́, 2 àti 5 nìkan ni a óò bá níbẹ̀: 2⁵ × 5⁴. Nítorí náà, odidi nọ́mbà 30 ni ó lè pín in láìṣẹ́kù. 40 àti 50 tí wọ́n fi ń ka okùn ẹyọ wà lára wọn.

Wọ́n sábà máa ń sọ pé ogún-ogún ni Yorùbá fi ń kà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Láti ogún dé igba, dé ẹgbàá, dé ọ̀kẹ́, ìlọ́po mẹ́wàá ni. Bí ó bá jẹ́ ìlọ́po ogún ni, 400, 8,000 àti 160,000 ni ìbá tẹ̀lé ogún. Ìdí nìyí tí mílíọ̀nù kan fi bọ́ sí àádọ́ta ọ̀kẹ́ gẹ́lẹ́ (50 × 20,000). Àwọn kan ń lo àádọ́ta ọ̀kẹ́ fún ohun tí kò níye. Àṣìlò ni, ọ̀kẹ́ àìmọye ló yẹ níbẹ̀.

Ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ lónìí, mílíọ̀nù ni a sábà ń gbọ́ lẹ́nu oníṣòwò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ajé tó gúnlẹ̀ ni orúkọ Ajégúnlẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ.